Àdín Lára Ṣéènì Kẹ̀kẹ́ Bàbá

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀, mo ń rán nẹ́ẹ̀tì tí ológbò ilé kejì ti fi èékánná ya. Òwú dúdú ni mo fi ń rán an. Mò ń mú abẹ́rẹ́ gba inú ihò nẹ́ẹ̀tì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, torí tí èèyàn bá fo ihò kan péré, ibẹ̀ ni ẹ̀fọn máa gbà wọlé. Ó ku nǹkan bí ìbú ìka méjì kí n parí rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìró bàbá ọkọ mi ní ẹnu géètì. Bàtà rọ́bà rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, irin kan sì ń ha irin. Mi ò tíì rí i tí mo fi mọ̀ pé kò gun kẹ̀kẹ́ wálé. Ńṣe ló ń tì í bọ̀.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń sọ, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò ní Sango. Kẹ̀kẹ́ dúdú gíga ni, irú èyí tí bíréèkì rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá irin, tó ní àga ẹrù lẹ́yìn. Ó ti dàgbà ju ọkọ mi lọ.

Mo so òwú, mo gé e, mo jáde síta. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ó tún ti já bọ́ ni?"

"Kò já bọ́. Mo ní kó sinmi díẹ̀ ni."

"Níbo ló ti sinmi?"

"Lẹ́yìn ilé epo. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Ṣé ẹnikẹ́ni rí yín?"

"Gbogbo Sango ló rí mi. Ṣé afọ́jú ni wọ́n?"

Mo wo ṣéènì náà. Ó ti bọ́ kúrò lórí irin eléyín iwájú, ó ti há sí àárín irin àti táyà. Àwọ̀ rẹ̀ ò ṣeé dárúkọ. Ó dà bí okùn tí wọ́n fà gba inú ẹrẹ̀, tí wọ́n wá yí nínú iyanrìn. Mo mọ ohun tó fà á. Bí mo ṣe sún mọ́ ọn ni òórùn àdín gbá mi nímú.

Èmi àti àdín yìí ti ń bá ara wa jà láti oṣù méjì. Bàbá ọkọ mi gbà pé kò sí ohun tí àdín ò lè wò. Tí òtútù bá mú un, á fi pa àyà. Tí orúnkún bá ń ro ó, á fi pa orúnkún. Ó fi ń pa àdá rẹ̀ kó má bàa dípẹtà, ó fi ń pa ìde ilẹ̀kùn kó má bàa ké. Nígbà tó wá kan ṣéènì kẹ̀kẹ́, kò rí ìdí tí yóò fi wá òróró mìíràn lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí òjò bá rọ̀ tí ilẹ̀ tutù báyìí, ńṣe ni àdín máa ń dì bí ọ̀rá. Á jókòó sórí ṣéènì, á máa kó eruku. Eruku Ọ̀tà ò sì mọ níwọ̀n: ti ojú títì tó fọ́, ti sìmẹ́ńtì tó ń jò lára tírélà, ti ilẹ̀ pupa tí wọ́n ń wà lójoojúmọ́ láti fi kọ́ ilé. Gbogbo rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa lọ irin bí ìgbà tí èèyàn ń lọ ata.

Àmọ́ kì í ṣe ṣéènì ló ń já mi láyà lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Sunday ló ń já mi láyà.

Oṣù méjì ṣáájú ìgbà náà, ṣéènì yìí já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀, Bàbá sì ṣubú. Kò ṣe é léṣe púpọ̀, ìgbúnwọ́ rẹ̀ ló bó. Àǹtí mi, ìyẹn àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, wá láti Ijoko lọ́jọ́ kejì. Òun ló fọ egbò náà, tó fi báńdéèjì dì í dáadáa. Lẹ́yìn náà ló nà ró sáàárín pálọ̀.

"Bàbá, mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Àmọ́ tí ṣéènì yìí bá tún já bọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi fúnra mi ni màá gbé kẹ̀kẹ́ yìí lọ. Màá fún mẹ́gádì ṣọ́ọ̀ṣì wa."

Obìnrin yìí kì í sọ ọ̀rọ̀ kó tún ọ̀rọ̀ sọ. Ó máa ń wá kí bàbá rẹ̀ ní Sunday kejì-kejì lẹ́yìn ìsìn, Sunday rẹ̀ sì ni ọ̀la.

Ọmọ Ọ̀tà gidi ni Bàbá. Ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ilé iṣẹ́ tán. Èyí tó kù kò ju púlọ́ọ̀tì kan àti àbọ̀ lọ, lẹ́yìn ògiri ilé iṣẹ́ kan, níbi tó ń gbin ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ilá sí. Ọ̀kadà lè gbé e dé ẹnu títì, kò ní gba ọ̀nà ẹsẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ Bàbá ò sì gbé ìrìn yẹn mọ́. Láìsí kẹ̀kẹ́, kò sí oko. Mo sì mọ ohun tí àìsí oko ń ṣe. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ládùúgbò wa ní Joju níbí, tí àwọn ọmọ gba àdá àti ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé ó ti dàgbà. Wọ́n ra àga onítìmùtìmù fún un. Kí ọdún tó yípo, ó ti ń bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Ta ni ìwọ?"

Ọkọ mi ò sí nílé, ó wa tírélà lọ sí Kánò. Àwọn ìbejì wa wà nílé ìwé tí wọ́n ti ń sùn. Èmi nìkan ló kù.

Mo da kẹ̀kẹ́ dorí kodò lórí páálí. Mo fi ẹ̀mú yọ irin pẹlẹbẹ kékeré tó so orí ṣéènì méjèèjì pọ̀, mo fi í sínú ìdérí ìgò kó má bàa sọnù. Mo fa ṣéènì náà jáde, mo kó o sínú ike bọ́tà òfìfo kan, mo da kẹrosíìnì lé e lórí, mo mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó. Bàbá gbé àga wá, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ká ọwọ́ lé orí ọ̀pá.

Kẹrosíìnì àkọ́kọ́ dúdú bí omi aró. Mo dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, mo bu òmíràn.

"Ìyàwó," ó ní, "o ò ṣe fi kànrìnkàn hó o lára? Kó o wá fi páúdà sí i lára, ká pe àwọn èèyàn, ká sọ ọ́ lórúkọ."

"Bàbá, ẹ wo ìsàlẹ̀ ike yìí. Iyanrìn ni gbogbo èyí."

"Mo rí i."

"Òróró tó wà níta ló ń kó o. Inú oríkèé ló yẹ kí òróró wà, kì í ṣe ìta."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Níbi iṣẹ́ wa ni, sà."

"Ṣé wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ níbi iṣẹ́ yín ni?"

"Rárá, sà."

"Ẹn-ẹn."

Níbi iṣẹ́ wa, ìdérí ìgò ni wọ́n ń ṣe. Ọdún kọkànlá mi rèé nídìí tábìlì àyẹ̀wò. Ṣéènì gígùn ló ń gbé àwọn ìdérí náà kọjá níwájú wa. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ kì í fi òróró sí i láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Tó bá sì ti fi òróró sí i tán, á mú àkísà gbígbẹ, á nu ìta rẹ̀ títí táá fi dà bíi pé kò fi nǹkan kan sí i rí. Ó sọ fún mi nígbà kan pé òróró tó bá wà níta, iyanrìn ló ń fi bọ́ ṣéènì. Mi ò tún bi í léèrè. Mo kàn ń wò ó ni, lọ́dọọdún, mo sì rí i pé ṣéènì wa kì í já.

Ṣùgbọ́n ẹ sọ ìyẹn fún bàbá ọkọ. Ìyàwó ilé ò lè wo ojú bàbá ọkọ kó ní, "Ẹ ò ṣe é dáadáa." Èèyàn á máa sọ ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu, á máa kúnlẹ̀ sí i, á máa fi "sà" dì í, títí ọ̀rọ̀ náà ò fi ní ní eyín mọ́. Oṣù méjì ni mo fi sọ ọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ó ń gbọ́, ó ń mi orí, ó sì ń lọ gbé ìgò àdín.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pààrọ̀ kẹrosíìnì. Mo ń tẹ oríkèé kọ̀ọ̀kan síwá sẹ́yìn títí tí kò fi sí èyí tó ń há mọ́. Mo nù ún, mo sá a sórí okùn aṣọ. Ìgbà tó gbẹ, irin rẹ̀ funfun. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irin funfun ni.

Bàbá wò ó tìtì. "O ti bọ́ ọ sí ìhòhò," ó ní.

Nígbà tí mo dá a padà, ó dẹ̀. Ìdọ̀tí yẹn ló ti ń mú un le láti ọjọ́ yìí. Ní báyìí tó ti mọ́, ó ń rọ̀ sílẹ̀ bí okùn aṣọ tí aṣọ tútù pọ̀ lórí rẹ̀. Bàbá ti rí i kí n tó sọ̀rọ̀.

"O rí nǹkan? O ti fọ agbára rẹ̀ dànù."

Mo tú nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn méjèèjì, mo fa táyà sẹ́yìn díẹ̀, mo fi rúlà wò ó ní ọ̀tún àti òsì kó má bàa wọ́, mo tún nọ́ọ̀tì dè. Ó dúró. Mo wá mú òróró máṣíìnì ìránṣọ mi, mo fà á sínú ike abẹ́rẹ́ tí kò ní abẹ́rẹ́, mo ń kán an sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oríkèé méjìléláàádọ́fà ni. Lẹ́yìn náà ni mo mú àkísà, mo nu gbogbo ìta rẹ̀ mọ́. Bàbá ń wo àkísà yẹn bí ẹni tó rí ẹni tó se ọbẹ̀ tán tó wá dà á nù.

Kò sí ẹlòmíì tó lè dán an wò, torí náà mo ká ìró mi sókè, mo gùn ún. Ọmọdébìnrin ni mí tí mo ti kọ́ ọ, ara ò sì tíì gbàgbé. Ìyá tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì wa dìde dúró.

"Ìyá Ìbejì, tí ọkọ yín bá ti Kánò dé, kí ni ká sọ fún un?"

"Ẹ ní mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀kadà."

"Ẹ gbé mi dé oríta, ẹ gba igba náírà."

Mo gùn ún dé oríta, mo gùn ún padà. Mo fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ níbi òkè kékeré iwájú ilé, ibẹ̀ ni ṣéènì sábà máa ń fò kúrò. Kò fò. Mo gbé e sábẹ́ òrùlé, mo wẹ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo lọ parí nẹ́ẹ̀tì mi.

Àárọ̀ ọjọ́ Sunday, mo ń gbé omi gbígbóná lọ fún Bàbá ni òórùn yẹn tún pàdé mi lójú ọ̀nà. Mo gbé kẹ́tùlù sílẹ̀. Ìgò àdín wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ìyẹ́ adìyẹ kan wà nínú rẹ̀. Ó ti fi ìyẹ́ náà kun ṣéènì láti orí dé ìdí, ó kun eyín iwájú, ó kun eyín ẹ̀yìn. Ó ń dán bí orí ọmọ tuntun. Ó tiẹ̀ ti kán sára irin táyà ẹ̀yìn, níbi tí bíréèkì ti máa ń di táyà mú. Mo tẹ bíréèkì, mo ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bíréèkì ò dì í rárá.

Mo dúró. Mo ka ení dé ẹ̀wá nínú ara mi. Mo tún un kà.

Bàbá jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ta ló fi àdín sí ṣéènì?"

"Àdín wo?"

"Èyí tó ń rùn yìí, sà."

Ó wo ìgò. Ó wo ìyẹ́ adìyẹ. "Mo jí, mo wò ó, ó gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀. Àǹtí rẹ ń bọ̀ lónìí. Mi ò fẹ́ kó rí i kó ní a ò tọ́jú ẹ̀."

Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn. Ká ní agídí ló fi ṣe é, màá mọ bí mo ṣe máa bínú. Torí kí kẹ̀kẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣe fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́. Mo wo aago. Ìsìn Ijoko máa ń pẹ́ dé ọ̀sán. Mo ní àkókò. Mo tún da kẹ̀kẹ́ dorí kodò.

Kẹrosíìnì tuntun ti tán. Mo rọra da èyí tó ti tòrò lókè kẹ́ẹ̀gì àná, mo fi sílẹ̀ níbi tí ẹrẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣéènì wà nínú ike, ọwọ́ mi dúdú dé ìgúnpá, nígbà tí géètì ṣí. Àǹtí mi ló wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé ọsàn dání nínú náílọ́ọ̀nù. Àṣé wọ́n tètè túká lọ́jọ́ yẹn.

Mi ò lè fi ọwọ́ kan ilẹ̀, mo kàn tẹ orúnkún. "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí mi."

"Ó ti já." Kò fi ṣe ìbéèrè.

"Kò já, mà. Èmi ni mo tú u."

"Kí ló dé tó o fi tú u?"

"Òróró ló pọ̀ jù lára rẹ̀."

"Ta ló da òróró sí i?"

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, ó ti wá tán báyìí. Tí mo bá ní èmi ni, irọ́ ni, mi ò sì mọ irọ́ pa, ojú mi á sọ ọ́. Tí mo bá ní Bàbá ni, Àǹtí mi á ní ogbó ti ń dà á láàmú, kẹ̀kẹ́ á lọ sí Ijoko, Bàbá á lọ sórí àga onítìmùtìmù. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo ń fọ oríkèé kan tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Bàbá wúkọ́. "Èmi ni."

Àǹtí mi yíjú sí i. "Kí lẹ dà sí i?"

"Àdín."

"Àdín, Bàbá? Sí ṣéènì?"

"Àdín ni ìyá rẹ fi pa ọ́ lára tó o fi dàgbà. Ṣé o kú ni?"

Àǹtí mi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀rín fẹ́ mú un, kò sì fẹ́ ká rí i. "Bàbá, èmi kì í ṣe kẹ̀kẹ́."

"Mo mọ̀. Kẹ̀kẹ́ kì í bá mi jà."

Ó gbé ọsàn kalẹ̀. Ó ní kí n so ṣéènì padà, kí Bàbá gun kẹ̀kẹ́ náà lójú òun, tó bá já bọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ní rárá. Ó wò mí, torí mi ò sọ rárá fún un rí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, wọn ò lè gùn ún báyìí. Àdín wà lára irin táyà, bíréèkì ò ní dì í mú. Ẹ fún mi ní wákàtí kan."

Ó jókòó sórí àga Bàbá, ó ká apá jọ. Mo fọ ṣéènì tán, mo nù ún, mo fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ irin táyà lẹ́ẹ̀mejì, mo fi omi ṣàn án, mo fi àkísà mímọ́ gbẹ ẹ. Mo tún kán òróró: ẹ̀kán kan, oríkèé kan. Bàbá ń rìn yí mi ká. Nígbà tó kan kí n so ṣéènì, táyà ń yí mọ́ mi lọ́wọ́, ọwọ́ mi méjèèjì ò sì tó. Àǹtí mi dìde, ó ká apá aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó fi ìka méjì di táyà mú bí ẹni tó di ìrù eku mú.

"Ó wà bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ dì í dáadáa, mà."

Ó fi gbogbo ọwọ́ dì í. Mo ti irin pẹlẹbẹ náà wọlé, mo wò ó pé ibi tí ẹnu rẹ̀ ti dí ló kọjú síwájú, kó má bàa ṣí tí wọ́n bá ń lọ. Mo tún gbogbo nọ́ọ̀tì wò. Mo da kẹ̀kẹ́ dúró.

Bàbá gùn ún jáde ní géètì. Àwa méjèèjì dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ó gun òkè kékeré yẹn, ṣéènì ò dún. Ó dé oríta, tírélà kan kọjá, a ò rí i mọ́. Tírélà náà gùn, kò sì yára. Àǹtí mi di apá mi mú láìmọ̀ pé ọwọ́ mi dọ̀tí. Nígbà tí tírélà kọjá tán, Bàbá ti yí padà, ó ń bọ̀, ó ń tẹ aago kẹ̀kẹ́ fún adìyẹ tí kò sí lọ́nà. Ó sáré bọ̀ wá bá wa tààrà, ó fa bíréèkì. Táyà iwájú dúró níwájú bàtà ọmọ rẹ̀, kò tó àtẹ́lẹwọ́ kan.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó ti kẹ̀kẹ́ wọlé.

Àǹtí mi lọ bẹ̀rẹ̀ mú ìgò àdín nílẹ̀, ó dé e, ó fi í sínú báàgì rẹ̀. Mo ti ń retí kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mi ò ní purọ́. Òógùn bo ojú mi, èékánná mi dúdú, ọ̀la sì ni iṣẹ́ àárọ̀. Ó na ìka sí mi.

"Kẹ̀kẹ́ á dúró, ìyàwó wa. Àmọ́ mi ò bá Bàbá sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ láyé. Tí wọ́n bá tún ṣubú, ọ̀dọ̀ rẹ ni mò ń bọ̀ tààrà."